Ta Ló Sọ Pé Obìnrin Nìkan Ló Ni Nur?

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1965, nígbà tí Pakísítánì àti Íńdíà kọjú ìjà síra wọn lórí ọ̀rọ̀ Kàṣímírì, Nur méjì ló wà lẹ́nu àwọn ará Pakísítánì. Nur Khan ló ń darí àwọn ọmọ ogun òfurufú; kò tíì pé oṣù méjì tó dé ipò náà tí ogun fi bẹ́ sílẹ̀. Nur Jehan ní tirẹ̀ wà nílé iṣẹ́ rédíò ní Lahore, ó ń kọrin fún àwọn ọmọ ogun, ohùn rẹ̀ sì ń dé gbogbo ibi tí rédíò bá dé. Ọkùnrin ni ẹni àkọ́kọ́, obìnrin ni èkejì. Ìlú wọn kò gbàgbé ọ̀kankan nínú wọn: ibùdó ọkọ̀ òfurufú ológun tó wà lẹ́bàá Rawalpindi ń jẹ́ Nur Khan lónìí, Nur Jehan náà sì ni wọ́n ń pè ní ọbabìnrin orin títí tó fi kú ní ọdún 2000. Lóòótọ́, orúkọ orí ìtàgé ni Nur Jehan, Allah Rakhi ni òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n a ò gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan ní kí ọ̀gágun fi orúkọ obìnrin sílẹ̀, tàbí kí akọrin dá orúkọ ọkùnrin padà.

Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, bí òbí bá fẹ́ sọ ọmọkùnrin ní Nur lásán, láìfi “deen” tì í lẹ́yìn, àfàìmọ̀ kí ará ilé kan má sọ pé orúkọ obìnrin lèyí. Bó bá sì jẹ́ obìnrin ni ọmọ, wọn á ní kí wọ́n fi “at” parí rẹ̀ kó lè dún bí orúkọ obìnrin. Lójú tèmi, ìmọ̀ràn méjèèjì ló ṣìnà. Nur kì í ṣe ti akọ, kì í ṣe ti abo, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe wà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àwa tó ń jẹ́ ẹ la yí padà. Àwọn Lárúbáwá àtijọ́ ní ibòmíràn tí wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ akọ àti abo sí nígbà tí wọ́n bá ń pe ènìyàn. Àwa Yorùbá náà ní. Orúkọ àbísọ kò ru ẹrù yẹn rárá. Ìgbà tí ibòmíràn yẹn ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀ la wá gbé gbogbo ẹrù náà lé orúkọ lórí, a sì ń bínú sí orúkọ tó bá kọ̀ láti rù ú.

Ìmọ́lẹ̀ ni Nur; ẹni tó bá ti jókòó nílé kéwú fúngbà díẹ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Súrà kẹrìnlélógún nínú Kùránì ló ń jẹ́ An-Nur. Ẹsẹ 64 ló ní, ẹsẹ 35 nínú rẹ̀ sì wà lára àwọn tí àwọn onímọ̀ ti túmọ̀ jù lọ, níbi tí a ti fi ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́run wé àtùpà olóróró ólífì nínú gíláàsì, tí wọ́n gbé sínú ihò ara ògiri. Al-Ghazali, tó kú ní ọdún 1111, kọ odindi ìwé kan lé ẹsẹ yẹn lórí. Síbẹ̀, ẹsẹ tó kan àríyànjiyàn wa jù kò sí níbẹ̀. Inú Súrà Al-Hadid ló wà, ẹsẹ 12, tó ń sọ nípa Ọjọ́ Ìdájọ́. Kùránì dárúkọ àwọn onígbàgbọ́ ọkùnrin níbẹ̀, ó tún dárúkọ àwọn onígbàgbọ́ obìnrin lọ́tọ̀, ó wá sọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ wọn tí yóò máa lọ níwájú wọn. Gírámà Lárúbáwá ìbá gbà á láyè láti fi ọ̀rọ̀ akọ kan ṣoṣo kó gbogbo wọn pọ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é níbi púpọ̀. Níbí yìí, ó pè wọ́n ní méjèèjì, nur kan náà ló sì fún wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í tilẹ̀ ṣe ti Mùsùlùmí nìkan. Àwọn Kristẹni tó ń sọ Lárúbáwá ní Jerúsálẹ́mù, Síríà àti Lẹ́bánónì ń pe Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde ní Sabt an-Nur, ìyẹn Sátidé Ìmọ́lẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ń pín iná mímọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ́ sórí ibojì Jésù. Àwọn náà ń sọ ọmọ wọn ní Nur, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Ẹni tó bá fẹ́ fi gírámà pín orúkọ yìí, ibi tí kò fẹ́ ni gírámà yóò mú un lọ. Nínú Lárúbáwá, kò sí ọ̀rọ̀ orúkọ tí kì í ṣe akọ tàbí abo. Nur àti nar, tó túmọ̀ sí iná, jáde láti orísun kan náà. Abo ni wọ́n ka nar sí, akọ ni wọ́n ka nur sí. Tó bá jẹ́ gírámà ló ń pàṣẹ, ọkùnrin nìkan ni ìbá máa jẹ́ Nur, àwọn tó ń pè é ní orúkọ obìnrin kò sì ní rí ẹsẹ̀ fi dúró. Ẹ wo oòrùn àti òṣùpá náà. Abo ni shams, oòrùn, síbẹ̀ ọkùnrin ló ń jẹ́ Shamsudeen. Akọ ni qamar, òṣùpá, síbẹ̀ obìnrin ló ń jẹ́ Qamar ní ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ Lárúbáwá, nígbà tí Kamoru tiwa jẹ́ ọkùnrin. Al-Mutanabbi, akéwì ọ̀rúndún kẹwàá, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kọjá lọ: nígbà tó ń ṣọ̀fọ̀ ìyá Sayf al-Dawla, olórí Aleppo, oòrùn àti òṣùpá yìí kan náà ló mú ṣe ẹ̀rí pé akọ àti abo inú gírámà kò fi ọlá kún ẹnikẹ́ni, kò sì bu ẹnikẹ́ni kù. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn nìyẹn. Kí a tún wá máa fi gírámà dá ọmọ ọwọ́ lẹ́jọ́ lónìí, ó yani lẹ́nu.

Àwọn kan máa ń sọ pé àṣà òyìnbó òde òní ni kí ọkùnrin àti obìnrin máa jẹ́ orúkọ kan náà. Ìtàn ìgbà Ànábì Muhammad kò gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la mọ Hind, ìyàwó Abu Sufyan. Hind sì ni orúkọ àbísọ Umm Salama, ọ̀kan lára àwọn ìyàwó Ànábì. Orúkọ obìnrin pátápátá, àbí? Ṣùgbọ́n Hadija, kó tó fẹ́ Ànábì, ti bí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hind, ọmọ Abu Hala. Ọwọ́ ọkùnrin yìí ni a ti gba ọ̀kan lára àpèjúwe tó kún jù lọ nípa ìrísí Ànábì, tí Tirmidhi kó sínú ìwé rẹ̀. Asma, tí a mọ̀ sí ọmọbìnrin Abubakar, jẹ́ orúkọ Asma ọmọ Haritha pẹ̀lú, ọkùnrin tó wà lára àwọn sàhábà. Èyí tó wù mí jù nínú wọn ni ti Juwayriya. Ìyàwó Ànábì kan ló ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí ìwé hádíìsì Bukhari yóò máa bá Juwayriya ọmọ Asma pàdé níbẹ̀, tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Nafi: ọkùnrin ni, ará Basra, bàbá rẹ̀ ló sì ń jẹ́ Asma. Bàbá àti ọmọ, orúkọ méjèèjì tí àwa ìbá kà sí ti obìnrin, àwọn onímọ̀ sì gba hádíìsì lọ́wọ́ wọn láìjanpata. Ẹ má sì gbàgbé Hamza, Talha, Usama àti Muawiya, tí gbogbo wọn parí pẹ̀lú lẹ́tà tá tó jẹ́ àmì abo nínú Lárúbáwá. Ọkùnrin ogun ni Hamza. Àwa gan-an ń pè é ní Hamzat, kò sì sẹ́ni tó ń wo “at” tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kó tó gbà pé ọkùnrin ló ń jẹ́ ẹ.

Báwo ni wọ́n wá ṣe ń mọ akọ yàtọ̀ sí abo? Àárín orúkọ ọmọ àti ti bàbá ni ìdáhùn wà. Ibn ni ọmọkùnrin, bint ni ọmọbìnrin. Lárúbáwá àtijọ́ kì í sábà dá orúkọ ènìyàn pè ní gbangba. Ó ní láti sọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Bó bá ti ní Hind ibn, o ti mọ̀. Bó bá ní Hind bint, o ti mọ̀. Nítorí náà kò sí ìdí láti béèrè pé kí orúkọ fúnra rẹ̀ wí ohun tí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e yóò wí. Ní òde òní, ọ̀pọ̀ ìlú Lárúbáwá ti jáwọ́ nínú èyí. Ní Íjíbítì, orúkọ ọmọ, ti bàbá àti ti bàbá àgbà ni wọ́n ń tò tẹ̀ léra lórí ìwé, láìsí ibn, láìsí bint láàárín. Bí o bá rí Nur Muhammad Ali lórí àkọsílẹ̀ ilé ìwé kan ní Kéró, o ò lè fi ojú dá a mọ̀. Ní Sáúdí Arébíà àti àwọn ìlú tó yí Òkun Páṣíà ká, bin àti bint ṣì wà lórí ìwé ìjọba. Ìyàtọ̀ yìí ni mo rí pé àwọn tó ń jà lórí orúkọ kì í kà kún. Nur gan-an kò yí padà. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń bá a rìn ló kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nurudeen ńkọ́, tí a gbà pé òun ni odindi, tí a sì ń wo Nur bí àgékù rẹ̀? Òdìkejì rẹ̀ ni ìtàn fi hàn. Nígbà ayé Ànábì, ẹni tí wọ́n fi nur pọ́n lé ni Uthman, tí àwa ń pè ní Sùnmọ́nù: Zun-Nurain ni wọ́n ń kì í, ìyẹn oní-ìmọ́lẹ̀ méjì, nítorí pé ó fẹ́ méjì lára àwọn ọmọbìnrin Ànábì, Ruqayya lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn ikú rẹ̀, Umm Kulthum. Kí ẹ ṣàkíyèsí ibi tí ìmọ́lẹ̀ yẹn ti wá: obìnrin méjì ni ìmọ́lẹ̀ náà, ọkùnrin kan ló ń jẹ oyè rẹ̀. Àwọn orúkọ tó parí sí “deen” dé lẹ́yìn èyí, gẹ́gẹ́ bí orúkọ oyè tí ìjọba àti àwọn alágbára ń fi ṣe ara lóge. Nur al-Din tó gba Damásíkù ní ọdún 1154, tó sì kọ́ ilé ìwòsàn ńlá tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, Mahmud ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Salah al-Din tó sìn lábẹ́ ìjọba rẹ̀, tí a sọ di Salaudeen níhìn-ín, Yusuf ni òun. Àwọn olùfọkànsìn kan kò tilẹ̀ fẹ́ràn irú oyè bẹ́ẹ̀. Al-Nawawi, tí ìwé rẹ̀ Riyad as-Salihin wà ní ọ̀pọ̀ ilé kéwú wa, Yahya ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pe òun ní Muhyi al-Din, nítorí pé ó ka oyè náà sí ìgbéraga. Ẹni tó bá sọ ọmọ rẹ̀ ní Nurudeen kò ṣẹ̀, orúkọ tó dára ni. Ṣùgbọ́n kó má sọ pé òun fi kún Nur kó lè pé. Oyè ọba ló fi kún un.

Àwọn obìnrin náà rí oyè mọ́ Nur lára. Jahangir, ọba àwọn Mughal ní Íńdíà, fi Nur-ud-din ṣe orúkọ oyè nígbà tó gorí ìtẹ́ ní ọdún 1605. Ó fẹ́ Mihr-un-Nisa ní ọdún 1611, ó kọ́kọ́ pè é ní Nur Mahal, ìmọ́lẹ̀ ààfin, nígbà tó sì di ọdún 1616 ó sọ ọ́ di Nur Jahan, ìmọ́lẹ̀ ayé. Tọkọtaya kan náà, ààfin kan náà, nur kan náà. Àwọn tó bá rò pé ìyàwó ló gba ìmọ́lẹ̀ kékeré kí wọ́n tún un wò: ọkọ jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀sìn, ìyàwó jẹ́ ìmọ́lẹ̀ gbogbo ayé, wọ́n sì tẹ orúkọ rẹ̀ sára owó ìlú, ohun tí wọn kì í sábà ṣe fún obìnrin. Ọ̀nà kan náà ni Noor-un-Nisa gbà jáde, ìmọ́lẹ̀ àwọn obìnrin. Òun ni odindi orúkọ Noor Inayat Khan, ọmọ Íńdíà tí wọ́n bí sí Mọ́sìkò ní ọdún 1914, tí Bìrìtìkó fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Faransé tó wà lábẹ́ àwọn Násì ní ọdún 1943 láti máa fi ẹ̀rọ rédíò ránṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n mú un, wọ́n sì pa á ní Dachau ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1944. George Cross ni wọ́n fi dá a lọ́lá lẹ́yìn ikú rẹ̀. Noor lásán ni ayé ń pè é, kò sì sẹ́ni tó ń wá ìyókù.

Bí a bá wá rìn káàkiri ayé Mùsùlùmí, a ó rí i pé ìlú kọ̀ọ̀kan ló yan tirẹ̀. Ní Tọ́kì, obìnrin ló sábà ń jẹ́ Nur. Nuri àti Nurettin ni ti ọkùnrin. Ní Sòmálíà, orúkọ ọkùnrin ni, Nur Hassan Hussein sì ṣe olórí ìjọba níbẹ̀ láti ọdún 2007 di 2009. Ní Málíṣíà, ọmọbìnrin púpọ̀ ni Nur tàbí Nurul máa ń ṣáájú orúkọ wọn, ṣùgbọ́n ní Filipínì tó múlé gbè wọ́n, ọkùnrin tó ń jẹ́ Nur Misuari ló dá ẹgbẹ́ ajàjàgbara àwọn Mùsùlùmí Moro sílẹ̀. Ní Íjíbítì, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń jẹ́ ẹ: Nur al-Sharif, òṣèré ọkùnrin tó kú ní 2015, fi Nur ṣe orúkọ iṣẹ́, nígbà tí Nur inú ìtàn tí Naguib Mahfouz gbé jáde ní ọdún 1961 nípa olè àti àwọn ajá jẹ́ obìnrin tó fi olè kan pamọ́ sílé rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Lárúbáwá bá wá ń ka Nur sí ti obìnrin lónìí, mo gbà pé tẹlifíṣọ̀n ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ní ọdún 2008, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Lárúbáwá tó ń jẹ́ MBC gbé eré Tọ́kì kan tí wọ́n túmọ̀ sí Lárúbáwá jáde, wọ́n yí orúkọ akọni obìnrin inú rẹ̀ àti ti eré fúnra rẹ̀ padà sí Noor, eré náà sì gba ìgboro kan láti Mọ̀rókò títí dé Òkun Páṣíà. Ṣáájú ìyẹn ni Noor ti di orúkọ ayaba Jọ́dánì, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní Lisa Halaby, tó fẹ́ Ọba Hussein ní 1978 tó sì di Noor al-Hussein.

Ẹ̀rí tó sún mọ́ wa jù wà láàárín Riyadh àti Kánò. Ní Sáúdí, Noura jẹ́ orúkọ obìnrin tó gbajúmọ̀. Ọba Abdulaziz, tó dá ìjọba náà sílẹ̀, máa ń fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yangàn, ó máa ń pe ara rẹ̀ ní arákùnrin Noura. Orúkọ obìnrin yìí ni yunifásítì àwọn obìnrin tó wà ní Riyadh ń jẹ́ lónìí. Nítorí náà, n kò ní bá àwọn tó ń pe Nurat ní àṣìṣe lọ. Orúkọ gidi ni, ó nílé, ó lọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹ dé Kánò, kí ẹ ké sí Nura. Ọkùnrin ni yóò dáhùn. Orúkọ kan náà, ẹ̀sìn kan náà, ìró kan náà: aṣọ obìnrin ni ní Riyadh, bàbáńrígá ni ní Kánò. Ẹni tó bá ní akọ tàbí abo wà nínú orúkọ fúnra rẹ̀, kó sọ fún wa èwo nínú ìlú méjèèjì ló ṣìnà.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí rọrùn fún Yorùbá ju ẹ̀yà mìíràn lọ. Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìdòwú, Àlàbá, Ayọ̀délé, Olúwaṣeun: ta ló lè gbọ́ ọ kó sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin? Òótọ́ ni pé a ní Babátúndé àti Yétúndé, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ń sọ ẹni tó padà wá. A ní Òjó àti Àìná fún ọmọ tó gbé ìwọ́ kọ́rùn. Àwọn wọ̀nyí kò pọ̀. Kódà “ó” tí a fi ń tọ́ka sí ènìyàn kò béèrè, àfi kí a fi ọ̀rọ̀ mìíràn là á. Ibi tí Yorùbá kó akọ àti abo sí ni oríkì. Àkànní, Àyìndé, Àlàbí, Àjàní, ọkùnrin ni. Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́, Àdùnní, Àjíkẹ́, obìnrin ni, kò sì sẹ́ni tó ń ṣi ọ̀kan pè fún èkejì. Iṣẹ́ tí ibn àti bint ń ṣe fún Lárúbáwá ni oríkì ń ṣe fún wa, bó tilẹ̀ ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí orúkọ ẹ̀sìn dé, tí oríkì kò sì rí àyè lórí ìwé ilé ìwé àti ti ìjọba, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í pín orúkọ Lárúbáwá fúnra rẹ̀ sí méjì: Rasheed àti Rasheedat, Lateef àti Lateefat, Ganiyu àti Ganiyat. Èyí bá àwọn ọ̀rọ̀ yẹn mu, nítorí pé ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni wọ́n, Lárúbáwá gan-an ń yí wọn bẹ́ẹ̀. Nur kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpèjúwe. Ohun ni, bí ayọ̀ ti jẹ́ ohun, a kì í sì í wá abo fún Ayọ̀.

Àtakò tó lágbára jù tí mo mọ̀ ni ti hádíìsì tó fi ègún lé ọkùnrin tó ń fara wé obìnrin àti obìnrin tó ń fara wé ọkùnrin. N kò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Bí ẹnì kan bá sọ ọmọkùnrin rẹ̀ ní Fatima, àwọn àgbà yóò bi í léèrè, wọ́n á sì jàre, nítorí pé kò sí ìlú tí ọkùnrin ti ń jẹ́ Fatima. Ṣùgbọ́n ìwà, ìmúra àti ìsọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ fífara wéni máa ń dá lé, ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kò sì fara wé ẹnikẹ́ni. Orúkọ tí ọkùnrin àti obìnrin ti jọ ń jẹ́ láti ìrandíran kò jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ kan tí èkejì wá jí lò. Ó tún yẹ kí a wo àwọn orúkọ tí Ànábì yí padà. Ó yí Asiya, aláìgbọràn, sí Jamila. Obìnrin méjì tó ń jẹ́ Barra, olódodo, ló yí orúkọ wọn padà: ọ̀kan di Zaynab, kó má bàa máa yin ara rẹ̀, èkejì di Juwayriya tí mo ti mẹ́nu bà. Ìtumọ̀ ni ó wò nínú gbogbo wọn. Hind ọmọ Abu Hala dàgbà nínú ilé Ànábì gan-an, Hind ló sì ń jẹ́ títí.

Àwọn mìíràn á ní An-Nur wà lára orúkọ Ọlọ́run, Abdun-Nur ló yẹ kí ènìyàn máa jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ Abdun-Nur kó sọ ọ́. Àmọ́ Kùránì pe òṣùpá ní nur nínú Súrà Yunus, ó sì sọ pé nur wà nínú Taurata àti Injila; ọ̀rọ̀ tí a fi pe ìṣẹ̀dá àti ìwé kì í ṣe èyí tí ẹ̀dá kò gbọdọ̀ jẹ́. Karim àti Ali náà wà lára àwọn orúkọ wọ̀nyẹn, Ali sì ni ọkọ Fatima ọmọ Ànábì. Ti pé orúkọ yìí yóò da òṣìṣẹ́ ìjọba rú, pé yóò dá wàhálà sílẹ̀ níbi físà Hajj tàbí ní ilé ìwòsàn, n kò rí i bí àtakò. Àpótí akọ tàbí abo wà lórí gbogbo fọ́ọ̀mù, láti ti NIN dé ti ìwé ìrìnnà, nítorí pé àwọn tó ṣe fọ́ọ̀mù náà mọ̀ pé orúkọ nìkan kò tó. Àwọn Táíwò ń rìnrìn àjò lójoojúmọ́.

Mo mọ̀ pé òbí mìíràn yóò ṣì fẹ́ ohun kan tí yóò jẹ́ kí àlejò mọ̀ bóyá ọmọkùnrin ni tàbí ọmọbìnrin. Kò burú. Kó má gba ara Nur lọ wá a. Kó sọ ọmọkùnrin rẹ̀ ní Nur Àkànní, kó sọ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Nur Àbẹ̀kẹ́, kí àáfà sì kọ méjèèjì sínú ìwé ẹ̀rí ìsọmọlórúkọ kó tó fọwọ́ sí i. Àyè orúkọ àárín wà lórí ìwé ìbí tí ìjọba ń fúnni. Òfo ni ọ̀pọ̀ òbí ń fi í sílẹ̀.